Numa Tó Da Kọnkéré Bo Òpópónà Laurette

Kò sí ẹni tó mọ kọnkéré dán bíi Numa Duvernay ní gbogbo Port Sylvain. Wọ́n ní bó bá dán ilẹ̀ kan tán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀, á fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, á sì máa ṣépè fún ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Saint Médard bẹ̀rẹ̀ níjọ́ kan láti mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ tó já bọ́ sórí àtẹ̀gùn tí Numa ṣe, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú kọnkéré, ó sì sáré padà sílé lọ fá irùngbọ̀n kó tó wá ṣe ìsìn. Ẹ lè yọ díẹ̀ kúrò nínú ìyẹn. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀ ni pé omi kì í dúró lórí iṣẹ́ Numa. Ẹ da omi ife kan síbi tó bá wù yín lórí ilẹ̀ tó dà, ẹ ó rí i tí omi náà á gbéra, á kọrí sí títì tààrà bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ilé tiẹ̀ ló kẹ́yìn ní òpópónà Laurette, níbi tí títì ti dagẹ̀rẹ̀ kó tó kan ihò gọ́tà ńlá tí ìlú fi ń gba omi lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń fà á dà sódò. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé ọ̀hún. Oníṣẹ́ ògiri ni bàbá náà, irú àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán yọ òdòdó àti èso àjàrà sí àjà ilé àwọn olówó, ó sì yọ òdòdó kan sí àjà pálọ̀ ara rẹ̀ tó tóbi ju ti olówó kankan lọ. Ozite, ìyàwó Numa, máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òdòdó yẹn lòun fẹ́ níjọ́ kìíní, Numa kàn bá ilé wá ni.

Òjò Port Sylvain kì í ṣe òjò tí ènìyàn ń fojú di. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, gbogbo ènìyàn á sáré gbé mọ́tò wọn lọ sórí ilẹ̀ koríko tó ga láàárín títì ńlá, kí omi má bàa gbé e. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ irú ẹni tí ẹ ń bá gbé. Ẹ ó rí ìyá àgbà tó fi róólà sórí, tó wọ aṣọ ìsùn, tó ń wa mọ́tò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ja báńkì lólè. Ẹ ó rí ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì tí wọ́n ń na ìka síra wọn lójú nítorí àyè tí kò gba kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Hypolite Rochon ló kọ́kọ́ sọ pé eré sísá yẹn ti sú òun. Òkè díẹ̀ sí ilé Numa ni tiẹ̀ wà. Wọ́n jọ dàgbà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì jọ jí wáìnì àlùfáà mu lẹ́yìn rẹ̀.

"Numa, ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "da kọnkéré síwájú ilé mi. Jẹ́ kó ga. Jẹ́ kó gba mọ́tò mi, kó gba ti ìyàwó mi, kó gba ọkọ̀ ojú omi mi. Kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kí n máa mu bíà, kí n máa fi àwọn tó ń sáré ṣe yẹ̀yẹ́."

"Òfin ńkọ́?"

"Òfin wo? Ti Mọ́ńdè sí Fúráìdè yẹn?"

Òfin ìlú kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọ iwájú ilé kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohun tó gba mọ́tò kan lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ koríko àti iyẹ̀pẹ̀, kí ilẹ̀ lè rí ibi mu òjò. Gbogbo Laurette ló mọ òfin yìí. Gbogbo Laurette ló sì mọ̀ pé wolé-wolé kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé.

Nítorí náà, Sátidé ni wọ́n máa ń dà á. Kí oòrùn tó yọ tán, wọ́n á ti hú koríko, wọ́n á ti hú igi òdòdó tí ìyá ìyá wọn gbìn. Ọkọ̀ tó ń po kọnkéré á dé, ọkùnrin gbogbo òpópónà á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò edé odò kaná, ata á sì máa ta gbogbo àdúgbò lójú. Numa kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Edé ni wọ́n fi ń san án, àti bíà, àti ìyìn, ìyìn yẹn ló sì dùn mọ́ ọn jù. Tí wọ́n bá ti ń pariwo pé "Ẹ wá wo ọwọ́ ọkùnrin yìí!", á tún dán ibi tó ti dán, á máa fi orúnkún rìn kiri bí ẹni tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Nígbà tí wolé-wolé bá máa fi kọjá ní Mọ́ńdè, kọnkéré ti le, onílé á ti to ìkòkò òdòdó sórí rẹ̀ bí ẹni pé ibi ìgbafẹ́ ni. Kọnkéré tó bá sì ti le, ta ló máa tú u?

Mísì Verlie Gaspard, opó tó ń gbé lápá òkè ilé Numa, kò ní mọ́tò. Kò tilẹ̀ mọ mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ti Hypolite, ó ní òun fẹ́ èyí tó gba mẹ́ta.

"Mísì Verlie, kí lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀?" Numa bi í.

"Àlejò mi ńkọ́? Àbí o rò pé ẹnikẹ́ni kò lè wá kí mi?"

"Àlejò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Numa Duvernay, iṣẹ́ ni mo ní kó o ṣe, mi ò ní kó o ka àlejò mi."

Ó ṣe é. Ó ṣe ti gbogbo ilé tí ènìyàn ń gbé ní Laurette, ó sì ṣe tiẹ̀ kẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ewúrẹ́ kan ṣìnà wọ òpópónà náà, ó rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí ewé tó lè yó o, ó sì sunkún lọ sílé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí omi wọ ilé Numa, ó rò pé ewé ló dí gọ́tà. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó ki ọwọ́ bọ ihò títí dé èjìká, kò bá ewé kankan níbẹ̀. Ihò mọ́ tónítóní. Omi ló kàn pọ̀ ju ihò lọ. Ìgbà kejì, omi gbé bàtà Ozite láti iyàrá dé ilé ìdáná, ó sì gbé e padà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó bá òun lẹ́sẹ̀ mu. Ozite rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Pákó ilẹ̀ ti wú, nǹkan dúdú ti ń hù lára ògiri tútù, àyà Ozite sì ti ń dún bíi fèrè ní àràárọ̀.

"Numa," ó ní, "dókítà ní kí n jáde nínú ilé tútù yìí. Mo ní ilé mi ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá tún fi lè gun àtẹ̀gùn yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dọ̀ Philomène ọmọ wa ní Houston ni mò ń lọ, mi ò sì ní padà. Má sọ pé mi ò sọ fún ẹ."

"Kò ní wọlé mọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ? Òjò?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Kẹjọ, òjò kan rọ̀ tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Numa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń wo títì. Ó rí omi tó ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti orí kọnkéré Hypolite, kò dúró, kò yà síbì kan. Ó rí ti Mísì Verlie tó wá pàdé rẹ̀. Ó rí ti gbogbo wọn, ilé dé ilé, wọ́n ń já lura bí ọmọ iléèwé tí aago ti lù fún, gbogbo wọn kọrí sí iwájú ilé òun. Ó dá ìrìn omi kọ̀ọ̀kan mọ̀, nítorí òun ló kọ́ ọ ní ìrìn. Nígbà tí koríko wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń mu ún. Ní báyìí, kò sí ohun tó ń mu ún ju pálọ̀ bàbá rẹ̀ lọ. Ó gbọ́ èémí Ozite lẹ́yìn rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ dára o, Numa," ni obìnrin náà wí. Ìbá sàn kó gbá a létí.

Ó lọ bá Hypolite lọ́jọ́ kejì.

"Jẹ́ kí n gé ìdajì rẹ̀ kúrò," ó ní. "Màá fọ́ ọ fúnra mi, màá kó o dànù, màá gbin koríko padà. Ká fi fífẹ̀ mọ́tò kan sílẹ̀ bí òfin ṣe wí."

"Òfin? Òní lo wá gbọ́ nípa òfin?"

"Omi ń wọlé mi, Hypolite."

"Gbé ilé ẹ sókè nígbà náà. Ṣebí wọ́n ń fi jáàkì gbé ilé báyìí."

"Ozite máa lọ."

Hypolite wo ilẹ̀ díẹ̀. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó tún wo ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. "Orí mi ni kí n wá gbé èyí lé?" ó ní.

Mísì Verlie ní tiẹ̀ gbé kọfí fún un, ó gbọ́ ọ dópin, ó sì mi orí.

"Ọmọ mi, ó rẹwà. Èèyàn ń dúró wò ó."

"Mísì Verlie, kò sí mọ́tò kankan lórí ẹ̀!"

"Nísinsìnyí ni kò sí."

Ohun tí Numa wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí ní Laurette látìgbà tí wọ́n ti la òpópónà náà. Ó wọ ṣòkòtò ọjọ́ Ìsinmi, ó de bẹ́líìtì, ó lọ sí ọ́fíìsì ìlú, ó sì fi ẹjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sùn.

Wolé-wolé tí wọ́n rán wá jẹ́ ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mísì Cobb. Ó wọn gbogbo iwájú ilé bíi télọ̀ tó fẹ́ rán kóòtù fún òpópónà. Kọ́tìnnì ń mì ní gbogbo fèrèsé. Kó tó wọn dé ìdajì, gbogbo Laurette ti mọ ẹni tó pè é.

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ jókòó sí yàrá kan tó tutù bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Laurette lọ tán. Hypolite de táì tó dè kẹ́yìn níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Mísì Verlie dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ tó gba ìjókòó méjì. Alága, ọkùnrin onígíláàsì kan, kọ́kọ́ kọjú sí i.

"Mà, ṣé omi ń da yín láàmú ní òpópónà yín?"

"Omi kẹ̀? Látìgbà tí Numa ti bá mi ṣe é, ẹsẹ̀ mi ò tutù rí."

Gbogbo wọn mi orí sókè-sódò pé òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni.

"Ta ló da gbogbo kọnkéré wọ̀nyí?"

Orí gbogbo ènìyàn yí sí ọ̀nà kan. Numa dìde.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ mọ òfin nígbà tí ẹ ń dà á?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Àwọn aládùúgbò yín ńkọ́?"

Kí Numa tó la ẹnu, Hypolite ti dìde, ó di táì rẹ̀ mú. "Àwa kẹ̀, sà? Kí làwa mọ̀? Numa ló mọ iṣẹ́. Bó bá ti ní ó dáa, àwa gbà pé ó dáa nìyẹn."

Numa wò ó. Ó wo etí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó pọ́n, ó sì jókòó padà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà dé láti ibi tí wọ́n ti lọ gbìmọ̀, wọ́n ní àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé oníṣẹ́ kò jẹ̀bi, kí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òfin tó sì rú u, tó tún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tóun ṣe ń ba àdúgbò jẹ́, kí ó lọ fọ́ ti iwájú ilé rẹ̀.

Mísì Cobb lé e bá lẹ́nu ọ̀nà. "Mísítà Duvernay, mo sọ ibi tí omi ń lọ fún wọn. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta ni mo fẹ́ bínú sí?"

Ó fọ́ ọ. Òòlù ńlá ló fi ń lù ú, ọkùnrin tí eékún ti ń ro, àwọn aládùúgbò sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn bí ẹni tó wá wo eré bọ́ọ̀lù. Kọnkéré náà kò fẹ́ fọ́, nítorí ó dáa. Ojoojúmọ́ ló ń lù ú, tó ń wú u lẹ́bẹlẹ́bẹ, tó ń kó o sínú bárò. Tẹ́lẹ̀, Mọ́ńdè kan kì í kọjá kí ẹnì kan má gbé abọ́ ẹ̀wà pupa wá fún Ozite. Ẹ̀wà ṣì ń ta sánsán ní gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kò sí abọ́ tó tún sọdá wá. Ó gbin koríko. Ozite gbé omi mímu wá fún un, ó dúró wo koríko tuntun náà, tí kò tóbi ju ẹní tí wọ́n ń tẹ́ fún ọmọ jòjòló.

"Ìwọ̀nyí á tó?"

"Á mu díẹ̀."

"Díẹ̀," ni Ozite wí, ó sì gba ife padà.

Òjò oṣù Kẹsàn-án ṣú láti àárọ̀. Wọ́n ní omi rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja fi ń bi ara wọn léèrè ọ̀nà ní títì ńlá. Mọ́tò Hypolite jókòó sókè gbẹrẹfu, kò tutù. Kọnkéré Mísì Verlie ń dán, àlejò kankan kò sí lórí rẹ̀. Omi gorí koríko Numa kọjá bí ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó gun èkejì, ó sì wọlé. Numa ti fi àpò iyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Abẹ́ pákó ilẹ̀ ni omi náà gbà jáde sí wọn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Ozite ti jókòó sórí àga lábẹ́ òdòdó àjà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Ó ti dì í tipẹ́. Kò bú u. Ó ń wú ikọ́ ni, ó sì ń wo òkè.

Nígbà tí omi fà, Philomène wá gbé ìyá rẹ̀. Ó ti gbé ẹrù sínú mọ́tò tán, ó jókòó sídìí rẹ̀, ó ti ṣáná sí i.

"Bá mi lọ," ni Ozite wí.

"Ozite, ilé bàbá mi ni."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá rí ẹnì kan tó gbà pé kóun má ní kọnkéré yìí mọ́. Ẹnì kan péré. Ṣé wàá padà?"

Obìnrin náà wo Laurette láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bó ṣe funfun tó lábẹ́ oòrùn. "Bó o bá rí ẹnì kan péré, Numa, màá mọ̀ pé omi máa dín. Màá padà."

Gbogbo ìgbà òtútù ni Numa fi ń kanlẹ̀kùn. Àwọn kan kò ṣí i. Àwọn tó ṣí i gbé àga fún un, wọ́n bi í léèrè ara Ozite, wọ́n sì mi orí. Nígbà tó yá, ilé tó ti ṣófo tipẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hypolite rí ẹni rà á. Koríko ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù ní òkè Laurette. Lamar Picou lorúkọ ẹni tó rà á, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó níyàwó, ó sì ní ọmọ jòjòló. Ó wá bá Numa nílé.

"Mísítà Numa, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi da iwájú ilé mi."

Numa ní kó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́. Ó fi ibi tí omi dé lára ògiri hàn án. Lamar fi ọwọ́ kan ògiri náà.

"Mi ò mọ̀, sà," ó ní. "Màá fi koríko sílẹ̀."

Numa fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé ìdí fóònù. "Ozite, mo ti rí ẹnì kan."

"Ó ti fọ́ tiẹ̀?"

"Kò tíì ní in ni. Kò sì ní ní in."

Ozite wúkọ́. "Pè mí tó bá di ọjọ́ Àìkú," ó ní. "Jẹ́ kí Sátidé kọjá ná."

Ní Sátidé, Numa gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń po kọnkéré. Ó jáde pẹ̀lú bàtà inú ilé. Wọ́n ti hú koríko Lamar. Hypolite dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú bíà lọ́wọ́.

"Lamar," ni Numa wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ìyàwó mi ni. Mísítà Hypolite ní tí òjò bá gbé mọ́tò iṣẹ́ mi, kí la máa jẹ?"

Numa yíjú láti máa lọ, ojú rẹ̀ sì já lu iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n pè láti òdìkejì ìlú kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ti jẹ́ kí àárín rẹ̀ jìn, gbogbo rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn sí ara ilé, sí abẹ́ fèrèsé tí ọmọ ń sùn sí. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lomi á dúró sí, kò ní dé ìsàlẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó, kọnkéré sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí," ó ní, "kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ẹ gbé irin tẹ́ ẹ fi ń dán an yẹn fún mi."

Ó kúnlẹ̀. Ó kó kọnkéré kún inú ibi tó jìn, ó fa gbogbo rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ padà sí títì, ó dán an, ó tún un dán, ó ń fi orúnkún tó ń ro rìn sẹ́yìn. Ẹnì kan gbé edé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mísì Verlie pàtẹ́wọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. "Numa wa ti padà!" ni Hypolite ń ké. Numa kò gbójú sókè títí iṣẹ́ fi parí.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó pe Houston. Ozite fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Sátidé ti kọjá," ó ní. "Ó fi koríko sílẹ̀?"

"Rárá. Ó dà á."

"Ta ló bá a dà á?"

"Àwọn kan tí kò mọ iṣẹ́." Numa fi èékánná yọ sìmẹ́ńtì tó gbẹ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo bá wọn dán an."

Ó gbọ́ èémí rẹ̀, èyí tó ń dún bíi fèrè, ṣùgbọ́n ó ti rọlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó dán?" ni Ozite bi í.

"Ó dán."

"Mo mọ̀," ó ní, ó sì rọra gbé fóònù sílẹ̀.